Ṣẹ́ẹ̀tì Pupa Sìdíkátù

Láyé ọjọ́un, bí ẹ bá rí obìnrin kan ní Ẹ̀gbẹ́dá tí wọ́n di apá kan orí rẹ̀, tí apá kejì rí játijàti, ẹ má wulẹ̀ bi í pé kí ló dé. Ọ̀dọ̀ Sìdíkátù ló ti ń bọ̀. Sìdíkátù á ti dì í dé ìdajì, nǹkan kan á sọ sí i lọ́kàn, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí díẹ̀," ó sì ti wọkọ̀ lọ sí Dópẹmú nìyẹn. Díẹ̀ yẹn lè di ọ̀sán, ó lè di ìrọ̀lẹ́. Èmi fúnra mi ti fi ìdajì irun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rí nítorí rẹ̀. Mo fi gèlè bò ó, àmọ́ inú ń bí mi títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́ o. Bí ó bá jókòó ti orí, kò sí onídìrí tó tó o láti Ìkọ̀tún dé Dópẹmú. Jíjókòó yẹn gan-an ni kò sí. Ìyá rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí kì í fi ọ̀rọ̀ bò, máa ń sọ pé ọjọ́ tí òun bí i, agbẹ̀bí ò tíì nù ún lára tán tó ti ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ẹgbẹ́ wa ló ń lé e kiri. Àwa ọmọbìnrin tí a jọ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ módà kan, ti ẹ̀yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lápá Agége la dá a sílẹ̀, Sìdíkátù ló sì sọ ọ́ lórúkọ: Ẹgbẹ́ A-ò-ní-tú-ká. Òun ni ààrẹ, òun ni akọ̀wé, òun náà ni alága àríyá. Àtọ́kẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ìwé, ni igbákejì. Èmi Olúrẹ̀mí, wọ́n ní kí n máa pàṣẹ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nípàdé, nítorí pé ẹnu mi mú.

Owó epo ti wọ̀lú nígbà yẹn. Ibi tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ lánàá, ilé búlọ́ọ̀kù ti ń hù níbẹ̀ lónìí. Ẹni tí kò ní rédíò rí ra èyí tó ń lu àwo. Ara gbogbo èèyàn ò balẹ̀, bí ẹni pé ohun rere kan ń kọjá lójú títì tí ẹni tó bá jókòó kò ní bá a. Nígbà tí gbogbo ìlú ń sáré, ta ló fẹ́ mọ̀ pé ti Sìdíkátù ti pọ̀ jù?

Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń ra léèsì. Sìdíkátù ní, "Ta ni ò ní léèsì?" Tiwa, ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé ni, tí wọ́n tẹ àwòrán sí láyà, àríyá kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọdún tí ìjọba kó ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì lọ sápá ọ̀tún, a ṣe Ọjọ́ Ọwọ́ Ọ̀tún. Ọfà tó kọjú sọ́tùn-ún ló wà láyà wa, ẹni tó bá sì fi ọwọ́ òsì ṣe ohunkóhun, á dá jó. Morónkẹ́ tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì jó lọ́jọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́dún tí owó Údójì jáde, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, Sìdíkátù ní kí kálukú gbé ohun tí Údójì rà sílé rẹ̀ wá. Ẹnì kan gbé fáànù wá, bẹ́ẹ̀ iná mànàmáná ò tíì dé àdúgbò wọn. Ọjọ́ Àgbàdo ló tẹ̀ lé e, gbogbo wa wọ yẹ́lò bí ọmọ ilé ìwé jẹ́léósinmi. Tí àríyá kan ò bá tíì tán, Sìdíkátù á ti máa sọ ti èyí tó kàn, oúnjẹ á sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọdún 1976, Báyọ̀dé ọkọ Àtọ́kẹ́, tó ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù, ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìfọpo tí wọ́n ń kọ́ ní Wàrì. Àtọ́kẹ́ sọ fún wa nípàdé pé lẹ́yìn ọdún tuntun ni gbogbo ilé wọn ń kó lọ. Kálukú sọ tirẹ̀. Morónkẹ́ sunkún. Sìdíkátù ní, "Àríyá Disẹ́ńbà gbọ́dọ̀ tóbi nígbà yẹn," ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo wò ó dáadáa. Ẹlòmíràn tí ẹkún bá ń gbọ̀n á sun ún. Tiẹ̀, ṣe ló máa ń dìde.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti fìdí lélẹ̀ mọ́. Lónìí ó wà lọ́dọ̀ àwọn onítápólì tó máa pàgọ́ fún wa, lọ́la ó ń wá ẹni tó ní àwo orin tó dára. Kò sọ ohun tí a fẹ́ fi àríyá náà ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ó wọn àyà wa ó wọn èjìká, ó ní kí a lọ máa retí. Bọ̀dá Sùrájù, ọkùnrin Ìbàdàn tó ń tẹ àwòrán sáṣọ ní Dópẹmú, ló wá sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bí ó ṣe rí.

"Àǹtí, ẹ jókòó ná kí n fi iṣẹ́ hàn yín," ló ní òun sọ.

"Ẹ fi hàn mí ní ìdúró jàre."

"Pupa yìí mà pọ̀ o. Ṣé gbogbo yín lẹ fẹ́ pupa?"

"Ẹni tí mò ń ṣe é fún, pupa ló fẹ́ràn jù láyé," Sìdíkátù dáhùn, ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà.

Òótọ́ ni. Nígbà tí a wà nílé ìwé, Àtọ́kẹ́ Pupa là ń pè é. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó so ríbọ́nì pupa mọ́rí wá, tíṣà gbà á. Lọ́jọ́ kejì ó tún so òmíràn. Sálúbàtà rẹ̀ pupa, àpò ìwé rẹ̀ pupa. Èyí ni Sìdíkátù rántí. Ó fẹ́ kí gbogbo wa fi pupa yí i ká lọ́jọ́ tí a bá ń dágbére fún un, kó tó mọ̀ pé òun la torí rẹ̀ ṣe é.

Ní gbogbo àsìkò náà, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni Àtọ́kẹ́ ń wá dirí lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun nìkan ni oníbàárà tí Sìdíkátù lè fi sílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ tí kò ní ráhùn. Á mú táwẹ́ẹ̀lì funfun tirẹ̀ bọ̀ láti ilé, nítorí pé pupa ni èyí tí Sìdíkátù ń tẹ́ sí èèyàn léjìká. Sìdíkátù rò pé ìmọ́tótó ló ń dà á láàmú. Ó ti tó ọdún méjì tí Àtọ́kẹ́ ti wà nínú ìjọ aláṣọ funfun, Sìdíkátù sì mọ̀, ó tilẹ̀ bá wọn jẹ̀wà níbi ìkómọ. Wọ́n á jókòó báyìí, Àtọ́kẹ́ á kẹ̀yìn sí i, Sìdíkátù á máa sọ̀rọ̀ tápólì àti àga lórí rẹ̀.

"Sìdí, mo fẹ́ bá ọ sọ ọ̀rọ̀ kan."

"Sọ ọ́, mò ń gbọ́."

Kí Àtọ́kẹ́ tó la ẹnu, ọkọ̀ Dópẹmú á fọn fèrè, Sìdíkátù á ju òòyà sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú àríyá ló pè wá sí pálọ̀ rẹ̀. Ó tú ìdì náà. Ṣẹ́ẹ̀tì pupa fòò bí ata, lẹ́tà funfun láyà: A Ò NÍ TÚ KÁ. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwòrán ríbọ́nì wà. A pariwo. Àtọ́kẹ́ ti ìsìn bọ̀, sútánà funfun ló sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gba tirẹ̀, ó fi ìka tọ ríbọ́nì náà, omi lé sí i lójú.

"Sìdí, o rántí," ló wí.

Morónkẹ́ ní, "Wọ̀ ọ́ ká wò ó ṣá."

Àtọ́kẹ́ ká ṣẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó gbé e lé tábìlì. Mo ti sọ fún yín pé ẹnu mi mú. Mo ní, "Àwọn aláṣọ funfun kì í wọ pupa."

Sìdíkátù wò mí, ó wo Àtọ́kẹ́. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó ti di ọdún méjì, Sìdí. Mi ò ní aṣọ pupa kankan nílé mọ́."

"Ọdún méjì? Ṣebí ọwọ́ mi lo wà ní gbogbo ọdún méjì yẹn?"

"Orí mi ló wà lọ́wọ́ rẹ," Àtọ́kẹ́ dáhùn, kò sì fi ìbínú sọ ọ́.

Àánú Sìdíkátù ṣe mí lọ́jọ́ náà, èmi tí kì í tètè ṣàánú rẹ̀. Mo rí i tó ń wo Àtọ́kẹ́ láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀. Àmọ́ dípò kó jókòó, kó bú sẹ́kún, ṣe ló dìde wá bàtà rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà le. Ó sáré lọ bá Bọ̀dá Sùrájù, ìyẹn ní kò sí aṣọ mọ́, ọdún ti dé. Ó wọ Agége, ó wọ Mùṣín. Ẹnì kan ló wá sọ fún un pé bílíìṣì lè ṣí àwọ̀ pupa. Ó rẹ ṣẹ́ẹ̀tì Àtọ́kẹ́ sínú rẹ̀, ó sì dà bí ẹran tí wọ́n bọ̀ tí kò jinná. Ó mú un lọ bá alàgbà ìjọ Àtọ́kẹ́. Alàgbà gbé e sí oòrùn, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó ní pupa ṣì ni, àìsàn ló ń ṣe é. Sìdíkátù tún un rẹ. Ibi tó ti ń rẹ ẹ́ ló ti rò ó pé bí ti Àtọ́kẹ́ bá funfun, tí tiwa pupa, ṣé ẹgbẹ́ ló kù yẹn? Ló bá tún ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń gba ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa. Mo fi ìbínú fún un ní tèmi, nítorí pé ó bá mi lára mu gan-an.

Ọjọ́ àríyá pé, ọ̀sán pọ́n. Tápólì ti dúró, ìrẹsì ti jinná, onífótò ti dé, àwo ń kọrin lábẹ́ igi máńgòrò. A ò rí Sìdíkátù. Èmi ni wọ́n ní kí n wá a lọ. Mo bá a lẹ́yìn ilé láàárín báàfù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bílíìṣì ti bó o lọ́wọ́. Mo wo okùn tó sá ṣẹ́ẹ̀tì sí. Òmíràn rí bí erìgì, òmíràn lábàwọ́n bí awọ ewúrẹ́, ọ̀kan ti já lápá. Kò sí méjì tó jọra níbẹ̀, títí kan tèmi. Mo ti múra láti sọ̀rọ̀ nígbà tí Àtọ́kẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó wọ bùláòsì funfun.

"Sìdí, jókòó."

"Àyè ò sí. Tí mo bá tún rẹ tìẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, á funfun."

"Fi sílẹ̀. Jókòó."

"Àwọn onítápólì ń pè mí."

"Mo gbọ́. Ọ̀tunla la ń lọ."

Sìdíkátù gbójú sókè. "Ṣebí o ní lẹ́yìn ọdún tuntun?"

"Wọ́n ti ní kí Báyọ̀dé tètè wá. Ohun tí mo ti ń fẹ́ bá ọ sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn."

Ṣẹ́ẹ̀tì bọ́ lọ́wọ́ Sìdíkátù sínú báàfù. Mo rò pé yóò tún sáré ni. Mo tilẹ̀ yà fún un lọ́nà. Ṣùgbọ́n àpótí tó fi ń dirí wà níbẹ̀, Àtọ́kẹ́ sì di èjìká rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jókòó. Àtọ́kẹ́ tú ṣíkáàfù orí Sìdíkátù. Irun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá ló ń dirí lọ́dọ̀ rẹ̀, ta ló ń di tirẹ̀? Àtọ́kẹ́ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì funfun lé e léjìká, ó mú òòyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Sìdíkátù sunkún nígbà náà, ó sunkún gidi, kò sì dìde.

Mo ká ohun tó gbẹ lórí okùn, mo rọra ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ pé kí a bẹ̀rẹ̀. A wọ ṣẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe rí, onífótò tò wá sí ìlà, ó ya wá. Títí orin fi dákẹ́, àwọn méjèèjì ò jáde.

Sìdíkátù ò ṣíwọ́ eré sísá o, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín jẹ. Ó ti fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ìdajì irun lẹ́yìn ìgbà náà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n fótò yẹn wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dòní. Oníbàárà á wò ó, á rẹ́rìn-ín sí aṣọ wa, á wá béèrè pé ààrẹ ẹgbẹ́ ńkọ́, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣàríyá.

"A wà lẹ́yìn ilé," ni Sìdíkátù máa ń dáhùn. "Ó ń dì mí lórí."