Ìgò Bàbá Tísà

Ẹnu mi mú nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di nọ́ọ̀sì, n kò ní í parọ́. Aláìsàn tó bá jẹ ohun tí dókítà kà léèwọ̀ fún un, ó máa gbọ́ tẹnu mi ní dìspẹ́ńsárì wa ní Akanran.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Kálukú á gbé ìtọ̀ rẹ̀ wá nínú ìgò. Mo máa ń kán díẹ̀ sínú oògùn aláwọ̀ aró kan, mo sì máa ń sè é lórí sítóòfù. Bí àwọ̀ aró náà kò bá yí padà, ìròyìn ayọ̀ ni. Bó bá pọ́n bíi bíríkì, ṣúgà ti pọ̀ jù.

Ti Bàbá Tísà, olùkọ́ ilé ìwé ìjọ tó ti fẹ̀yìn tì, ń pọ́n láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

“Bàbá, ẹ tún ti jẹ iyán!”

“Rárá o. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni mò ń jẹ.”

“Ẹmu ńkọ́?”

“Nọ́ọ̀sì, n kò fẹnu kan ẹmu láti ọjọ́ Àjíǹde.”

“Hẹn-ẹn! Ìgò yín ti tú yín fó, ẹ̀yin ṣì ń jiyàn.”

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Bàbá á dé fìlà wọn, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, dókítà tó ń ti Ìbàdàn wá ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í gún wọn lábẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe ohun eré: bí a bá gún un fún ẹni tí ṣúgà ara rẹ̀ kò pọ̀, onítọ̀hún lè dákú, kó má jí mọ́. Mo ti fa oògùn, Bàbá ti ká aṣọ sókè, ni ìyàwó wọn bá já wọlé.

“Nọ́ọ̀sì, ìgò mi dà?”

“Ìgò wo, Ìyá?”

“Ìgò tí mo fi ń ta oyin! Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ mi ń gbé ọ̀kan wá, kì í gbé e padà. Àbí ìwọ náà ti ń ta oyin ni?”

Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Lóòótọ́, ńṣe ni a máa ń kó gbogbo ìgò dànù lẹ́yìn àyẹ̀wò.

“Bàbá, ṣé ìgò oyin lẹ fi ń gbé ìtọ̀ wá?”

Wọ́n dorí kodò. “Èmi tí mo kọ́ ọmọ àwọn ará ìlú níwèé, kí n máa gbé ìtọ̀ kọjá níwájú wọn? Wọ́n mọ̀ pé olóyin nìyàwó mi. Bí wọ́n bá rí ìgò lọ́wọ́ mi, oyin ni wọ́n á rò.”

“Ṣé ẹ fọ̀ ọ́?”

“Mo da omi tútù sí i lẹ́ẹ̀kan.”

Yéè! Mo gbé ife dìspẹ́ńsárì fún wọn, mo ní kí wọ́n lọ sẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo sè é, àwọ̀ aró ò yí padà rárá. Bàbá ti ń ṣe gbogbo ohun tí a ní kí wọ́n ṣe, èmi ń fi wọ́n ṣẹ̀sín! Ojú tì mí, omi bọ́ lójú mi. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, mo bẹ̀ wọ́n.

“Dìde, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Èmi náà ti na ọmọ tí kò ṣẹ̀ rí.”

Ìyàwó wọn ní, “Ìgò mi ńkọ́?”

Lọ́jọ́ tí mò ń kẹ́rù lọ sí Ìyànà Ọ̀fà, níbi tí ìjọba gbé mi lọ, Bàbá wá kí mi. Ara wọn le, ojú wọn ń dán. Ìgò oyin kan wà lọ́wọ́ wọn, ó kún dẹ́nu. Mo ti la ẹnu láti pariwo. Mo tún pa á dé.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú ìgò yìí?”

“Oyin ni,” wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó mi ní kí o lá a tán níbí, kí n lè gbé ìgò òun padà.”