Ilé-Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì Tó Wà Lókè Ṣọ́ọ̀bù Táyà

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kọ́. Nígbà tí mi ò rí àyè wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nílé, ọkùnrin kan tó máa ń báni wá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ òkèèrè wá bá wa nílé ní Ìlaròó. Ó fi àwòrán ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kútọnu hàn wá lórí fóònù rẹ̀: ilé alájà gíga, funfun báláú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti ròyìn rẹ̀ káàkiri àdúgbò.

"A máa fojú ara wa rí i ná," ni Bàbá mi wí.

A bá gba ẹnubodè lọ. A rí ilé funfun náà lóòótọ́, àmọ́ ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà sọ fún Bàbá lédè Ègùn pé ọ́fíìsì ìjọba ni. Bàbá pe ọkùnrin tó wá bá wa nílé náà lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ wà."

Òkè ṣọ́ọ̀bù táyà kan la bá a. Yàrá méjì, àga, pátákó ìkọ̀wé. Síbẹ̀ mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fáwọn ará ilé?"

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ Yorùbá lórí fóònù. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, mo dá a dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n máa ń mú yín lọ sí ọsibítù?"

Ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọdún kejì mi nìyí. Mi ò tíì fọwọ́ kan aláìsàn rí."

Mo sọ fún Bàbá pé ká kúrò níbẹ̀. Ọlọ́dẹ ọ́fíìsì ìjọba yẹn ló júwe ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn fún Bàbá, ní Pọ̀tọ̀nófò, tó wà nínú ọgbà ọsibítù gan-an. A lọ. Mo rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń di ojú egbò, tí wọ́n ń ti aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́. Àmọ́ Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni, n ò sì gbọ́ ju "bọ̀ǹjúù" lọ. Mo ní láti kọ́kọ́ fi ọdún kan kọ́ èdè.

"Ṣé wàá lè ṣe é?" Bàbá bi mí.

Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo ní màá ṣe é.

Ọdún yẹn le. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín ní kíláàsì, mo sì sunkún ní ilé ìwẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi. Àmọ́ mo gbọ́ èdè náà, mo sì kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì jáde. Wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí.