Bí Mo Ṣe Fi Orúnkún Dọ̀bálẹ̀ Fún Àwọn Àna Mi

Inú máa ń bí mi títí di òní tí mo bá rí ọ̀dọ́kùnrin tó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja níwájú àna, tó tún fò dìde, tó ń gbọn eruku nù lára aṣọ. Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Èmi á wo ibòmíràn.

Ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ni mo ṣubú. Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé-ìwé ìjọ kan nítòsí Òwu-Ìsin. Wọ́n ní kí gbogbo àwa ọ̀dọ́ wá gun òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ká kan páànù. Igi kan yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo sì fi ẹ̀yìn balẹ̀ lórí òkìtì bíríkì. Àlùfáà gbàdúrà ọpẹ́ pé n kò kú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹlòmíràn ti gorí òrùlé, kò sì sẹ́ni tó tún béèrè ẹ̀yìn mi lọ́wọ́ mi nínú ìjọ.

Dókítà ọsibítù ní Ọ̀mù-Àrán, obìnrin òyìnbó kan tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, tẹ ẹ̀yìn mi níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Ó ní egungun kò ṣẹ́, àmọ́ ó ti yẹ̀ díẹ̀, kò sì ní padà sáyè rẹ̀ mọ́. Ẹran ara tó yí i ká ni yóò máa gbé e dúró. Ó ní kí n má dùbúlẹ̀ sílé kí ẹran náà máa joro. Itan, ìdí àti ikùn ni kí n máa fún níṣẹ́ ṣe títí wọn yóò fi le. Ó wá kìlọ̀ fún mi gidigidi pé tí mo bá fẹ́ lọ sílẹ̀, orúnkún ni kí n tẹ̀, kí n má tẹ̀ láti ìbàdí, kí n má sì ju ara mi lulẹ̀ lójijì láé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Mo ní àfẹ́sọ́nà ní Òrò, tíṣà bíi tèmi, a sì ti fi ìtọrọ rẹ̀ sí ìgbà tí iṣu tuntun bá jáde. Àwọn èèyàn rẹ̀ ti gbọ́ pé mo ṣubú, a sì ti sọ fún wọn pé ó ti san. Kí la fẹ́ sọ? Nílẹ̀ wa, tí o bá ní ẹ̀yìn ń dun ọkùnrin, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé jẹ̀díjẹ̀dí ti mú un, kò lè bímọ. O lè ṣàlàyé òrùlé àti bíríkì títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn á kàn máa mi orí ni.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí dókítà yàn fún mi ní ẹ̀yìnkùlé wa. Mo máa ń fẹ̀yìn ti ògiri, màá rọra tẹ orúnkún títí n ó fi wà bí ẹni tó jókòó sórí àga tí kò sí níbẹ̀, itan mi á máa gbọ̀n. Mo máa ń gbé ọlọ ìyá mi mọ́ àyà, màá lóṣòó, màá dìde. “Ata ni mo fi ń lọ̀ o,” ni ìyá mi ń wí, “kì í ṣe ọmọ tí ò ń gbé jó.” Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá sùn sórí ẹní, tí mo ń gbé ìdí sókè sódò, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sáré ti ìlẹ̀kùn kí ará àdúgbò má baà rí mi.

Àfẹ́sọ́nà mi náà a máa wá. Ó máa ń purọ́ nílé pé ọjà lòun ń lọ. Á fi àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn mi, tó bá ti rí i pé ó fẹ́ tẹ̀, á ní, “Dúró. Tún un ṣe.” Òun gan-an ló rọ́nà sí ìdọ̀bálẹ̀: orúnkún kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọwọ́, lẹ́yìn náà àyà. A ṣe é títí ó fi mọ́ mi lára. Itan mi ti yi nígbà náà, ṣòkòtò ò fẹ́ẹ́ gbà wọ́n mọ́. Inú mi dùn, mi ò purọ́.

Ọjọ́ ìtọrọ pé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ju ara wọn sílẹ̀ gbì. Èmi tẹ orúnkún, mo fọwọ́ lélẹ̀, mo wá nà gbọọrọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, olórí ẹbí wọn, bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ wá wò ó o! Ìyàwó ni wọ́n ní àwọn wá tọrọ, àwọn náà tún mú ìyàwó wá! Ta ló ń kúnlẹ̀ ńlẹ̀ yìí? Tíṣà, dìde, kí o dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.”

Mo dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Mo tún lọ sílẹ̀ bákan náà. Ẹ̀rín tán lójú rẹ̀.

“Ẹ̀yìn rẹ ò tíì san, àbí?”

“Ó ti san, bàbá,” ni àbúrò bàbá mi, tó ṣáájú wa lọ, dáhùn.

Bàbá náà yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó pe ọmọ wọn jáde. “Ìwọ, ṣé o mọ̀ pé ẹ̀yìn ọkùnrin yìí kò tíì san?”

Mo gbójú sókè láti ilẹ̀. Mo fẹ́ kó sọ pé òun ti rí mi tí mo gbé ọlọ, pé kò sí ọkùnrin kan nínú ilé yẹn tí itan rẹ̀ le tó tèmi.

“Mi ò mọ̀, bàbá.”

Wọ́n kọ̀ wá, wọ́n sì kó iṣu tí a gbé wá tẹ̀ lé wa jáde.

Mo mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ká ní ó ní òun mọ̀, wọn á bi í níbi tó ti rí ẹ̀yìn mi. Mo ti fi àlàyé yìí tu ara mi nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò wọlé. Akọ̀wé ìjọba kan ní Ìlọrin ló fẹ́ ẹ. Èmi náà gbéyàwó, mo bímọ, wọ́n pọ̀ dáadáa, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní Òrò tó wá bẹ̀ mí.

Èmi àti òun pàdé lẹ́ẹ̀kan ní gáréèjì Ọ̀mù-Àrán. Àpò gààrí rẹ̀ wà nílẹ̀, awakọ̀ ń kánjú. Mo tẹ orúnkún, mo gbé e sínú ọkọ̀ fún un. Ó ń wò mí, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ẹ̀yìn ńkọ́?”

“Ẹ̀yìn wo?” ni mo wí, mo sì bá tèmi lọ.