Ọwọ́ Kobusingye Nínú Fídíò

Ìyá Kobusingye kò gbọ́rọ̀. Ibà burúkú kan ló bá a jà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, nígbà tí ara rẹ̀ sì yá, etí ti lọ. Ní abúlé wọn, lẹ́yìn ìlú Mbarara ní ilẹ̀ Uganda, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ orúkọ obìnrin náà. "Odi" ni wọ́n ń pè é, lójú rẹ̀ kòrókòró, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò ní gbọ́. Kobusingye ti ń fi ọwọ́ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ ẹnu sọ. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́fà, òun ló ń tẹ̀lé e lọ sí ọjà, lọ sí ilé ìwòsàn, lọ sọ́dọ̀ olórí abúlé, tí yóò dúró láàárín ìyá àti àwọn ènìyàn, tí yóò máa gbé ọ̀rọ̀ lọ, gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Ó sọ fún mi nígbà kan pé èébú nìkan ni òun kì í túmọ̀ fún ìyá òun.

Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ ògbufọ̀ àwọn adití ní Kampala, ó sì gba iṣẹ́ ní yunifásítì wa. Èmi ni akọ̀wé ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ nígbà náà. Ọ́fíìsì kan náà ni wọ́n fún àwa méjèèjì, tábìlì mi àti tirẹ̀ kọjú síra, a sì jọ ń mu tíì láti inú fúláàsì kan. Obìnrin gígùn ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ń ronú, ìka rẹ̀ a máa rìn lórí tábìlì bí ẹni ń tẹ dùùrù.

Ọmọ kan ṣoṣo ló jẹ́ adití ní ẹ̀ka wa. Nuwagira ni orúkọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Isingiro. Kò sí ẹni tó rò pé yóò lò ju ọdún kan lọ. Ṣùgbọ́n bí Dókítà Rutaro, tó ń kọ́ wọn nípa ilẹ̀, bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Kobusingye yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Nuwagira yóò jókòó síwájú pátápátá, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò lára ọwọ́ obìnrin náà títí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yóò fi parí. Ọ̀rọ̀ tí èdè ọwọ́ kò ní pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn kíláàsì, àwọn méjèèjì a jókòó sórí àga gígùn lẹ́yìn ilé ìkàwé, wọn a máa ṣẹ̀dá àmì. Fún ilẹ̀ tó kan, ìyẹn ilẹ̀ tí ásíìdì pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á fi ìka kan ahọ́n, wọ́n á fún ojú pọ̀ bí ẹni tó lá ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n á sì fi ìka náà tọ́ka sílẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní òpin ọdún kìn-ín-ní, Nuwagira ló ṣe ipò kẹta nínú ọmọ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.

Kòrónà dé, ìjọba ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí oṣù díẹ̀ kọjá, àwọn aláṣẹ wa pinnu pé kí àwọn olùkọ́ máa gba ohùn àti àwòrán ara wọn sílẹ̀, kí wọ́n gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ìjíròrò àwọn ọmọ náà bọ́ sórí fóònù. Wọ́n palẹ̀ yàrá kan mọ́ nísàlẹ̀ ilé ìkàwé, wọ́n ta aṣọ dúdú sí ògiri, wọ́n gbé kámẹ́rà síbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Asasira ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní kí Kobusingye túmọ̀ gbogbo iṣẹ́ ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ̀kọ́ náà gbà, kí ó lè wà nípamọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dúró síwájú kámẹ́rà, Asasira fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àǹtí, ọwọ́ yín yìí ń jù bí ẹni ń lé eṣinṣin."

"Eṣinṣin náà ló gbé kámẹ́rà dání yẹn," ni Kobusingye dá a lóhùn, kò sì dẹwọ́.

Oṣù márùn-ún ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí fídíò àkọ́kọ́ jáde, àwòrán Dókítà Rutaro gba gbogbo ojú fóònù, ọwọ́ Kobusingye wà ní igun ìsàlẹ̀, kò tó páálí ìṣáná. Nuwagira kọ̀wé láti Isingiro pé òkè lẹ́yìn ilé wọn ni òun ń gùn kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó wọlé, àti pé bó bá wọlé náà, ọwọ́ Àǹtí a máa dúró gbagidi, á sì tún fò síwájú. Ó dun Kobusingye. Ó lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka wa, ó ṣàlàyé fún un pé ọwọ́ tó bá dúró láàárín ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ mìíràn, kí wọ́n jọ̀wọ́ mú àwòrán òun tóbi sí i. Ọ̀gá ní bí ó bá tóbi, yóò bo àwòrán tí olùkọ́ fi ń ṣàlàyé. Ó ní ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn láti gbogbo ẹ̀ka ló ń wo fídíò náà, ẹnì kan péré ló ń wo ọwọ́.

Nígbà tí ìjọba tún ilé-ìwé ṣí, a rò pé gbogbo nǹkan yóò padà bó ṣe wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn aláṣẹ ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yóò dúró sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ọmọ máa wá fún iṣẹ́ oko àti ìdánwò nìkan. Olùkọ́ kò dúró níwájú ẹnikẹ́ni mọ́, ògbufọ̀ kò wá ní ẹni tí yóò dúró tì. Wọ́n kọ lẹ́tà sí Kobusingye pé iṣẹ́ rẹ̀ parí ní òpin oṣù. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbé e fún un lórí tábìlì tí a jọ ń mu tíì. Ó kà á tán, ó ká a sí mẹ́rin.

"Ó kéré tán, o kọ orúkọ mi dáadáa," ló wí fún mi.

Mo ṣí fúláàsì, mo bu tíì fún un.

Ní ọdún yẹn, tí Nuwagira bọ́ sí ọdún kejì, Dókítà Rutaro tún àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà gbà nítorí pé ó rí àṣìṣe nínú ti àtijọ́. Kò sí ògbufọ̀ mọ́, àṣẹ sì wà pé gbogbo fídíò gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ ní igun. Asasira bá gé ọwọ́ Kobusingye kúrò nínú fídíò àtijọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tuntun. Gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Mi ò rò pé ìkà ló fi ṣe é. Lójú tirẹ̀, ọwọ́ ni ọwọ́.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ nípa ẹfun tí àgbẹ̀ ń bù sí ilẹ̀ tó kan kí kíkan rẹ̀ lè dínkù. Ní ti àtijọ́, Dókítà Rutaro sọ pé kí ènìyàn bu ẹfun àti ajílẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Nínú tuntun, ó ní kí wọ́n má ṣe dán an wò, kí ẹfun ṣáájú, kí ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ajílẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ẹnu rẹ̀ ń sọ tuntun, ọwọ́ tó wà ní igun ń sọ ti àtijọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù jíròrò ìyípadà náà nínú ẹgbẹ́ wọn lórí fóònù, ṣùgbọ́n ohùn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Nuwagira ń rí i tí ohùn náà ń wọ orí fóònù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ ohun tó wà nínú wọn.

Olúkúlùkù wọn ní ilẹ̀ àgbàdo kékeré kan nínú oko yunifásítì. Nuwagira bu ẹfun àti ajílẹ̀ pọ̀ bí ọwọ́ ṣe wí, àgbàdo rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú. Ó kọ ohun kan náà sínú ìdánwò, ó sì fìdí rẹmi. Ọjọ́ tí èsì jáde, ó mú ìwé ìdánwò náà dání, ó wá ilé Kobusingye lọ ní Mbarara. Kobusingye gbé àga fún un, kò jókòó. Ó gbé ìwé náà sílẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣófo.

"Àǹtí, ọwọ́ yín ni mo tẹ̀lé."

Obìnrin náà ní kí ó fi fídíò náà han òun. Ó kọ́kọ́ pa ohùn rẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí ohùn jáde. Ó sọ fún mi pé ojú ti òun bí ẹni tí wọ́n bá ní ilé olè, bẹ́ẹ̀ òun kò jí nǹkan kan. Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti gbé ìwé rẹ̀, ó ti ń lọ.

Ó mú ẹjọ́ wá sí ẹ̀ka wa. Wọ́n pe ìpàdé, èmi ni mo ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Kobusingye ní kí wọ́n tan fídíò náà, ó ń túmọ̀ ohun tí ọwọ́ ń sọ bí ó ṣe ń lọ. Àwọn àgbà tó jókòó wo ọwọ́, wọ́n wo ara wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́ èdè náà.

"Ìwọ nìkan lo ń jẹ́rìí ara rẹ," ni ọ̀gá wí. "A sì ti dá ọ dúró níṣẹ́. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe inú tó ń bí ọ ló ń sọ̀rọ̀?"

"Ẹ bi ẹni tó gé e."

Asasira wà lẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ní òun kò rántí. Dókítà Rutaro náà wò wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò kọ̀wé sí Kampala kí ògbufọ̀ mìíràn wá wò ó.

Oṣù méje kọjá kí ògbufọ̀ náà, ọkùnrin kan, tó dé. Kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi sọ pé òótọ́ ni Kobusingye sọ. Wọ́n kọ lẹ́tà pé kí Nuwagira wá tún ìdánwò náà ṣe. Kò sí gbólóhùn àforíjì kankan níbẹ̀. Mo mọ̀, nítorí èmi náà ni mo tún tẹ̀ ẹ́.

Nígbà náà, ó ti pé oṣù mẹ́fà tí ọmọ náà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Kobusingye ní òun fúnra òun ni yóò mú lẹ́tà náà lọ, mo bá a lọ. A bá Nuwagira nínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń gé ewé gbígbẹ. Ó rí wa. Kobusingye gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọmọ náà wo ọwọ́ náà fún ìgbà díẹ̀, ó wá kọ ẹ̀yìn sí wa, ó bọ́ sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Adití tó bá ti gbé ojú kúrò lára rẹ, kò sí igbe tí o lè ké. Kobusingye ṣì ń sọ ọ́ lọ, sí ẹ̀yìn ọmọ náà, títí mo fi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Bàbá ọmọ náà fún wa ní wàrà. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa bí ẹni pé àwọn ló ṣẹ̀.

"Kì í ṣe ẹ̀yin ló ń bínú sí, ìyá," ló wí. "Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé òun ò mọ èyí tí òun lè gbà gbọ́ mọ́."

A fi lẹ́tà náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá. Ọjọ́ ìdánwò pé, wọ́n pe orúkọ Nuwagira nígbà mẹ́ta, kò wá, mo sì fa ìlà sí iwájú rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ni Kobusingye wà báyìí, ó ń túmọ̀ fún àwọn aláboyún tó jẹ́ adití. Lóṣù tó kọjá, àwọn àlejò kan wá bẹ ibẹ̀ wò, ọkùnrin kan nínú wọn gbé fóònù sókè láti gba àwòrán bí ó ṣe ń bá obìnrin kan sọ̀rọ̀. Kobusingye ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ọkùnrin náà fi gbé fóònù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.