Omi Tí Wọ́n Ní N Kò Pọn

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì, ni ẹni àkọ́kọ́ tó rẹ́ mi jẹ láyé. Mo ṣì ń rí wọn: ẹ̀mú gígùn wà lọ́wọ́ wọn, bángà tó kọ̀ tí kò dún wà lẹ́nu ẹ̀mú, wọ́n sì dúró gbagidi bí ẹni tó gbàgbé ọ̀nà ilé.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, bàbá mi rán mi wá sọ́dọ̀ wọn ní Houston láti Èkó kí n lè kàwé. Yàrá àwọn tí iná jó ni Màmá ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, gbogbo oṣù keje, tí Amẹ́ríkà ń fi bángà ṣàjọyọ̀ òmìnira, ni wọ́n sì ń di ìka ọmọ ọlọ́mọ. Mo sọ fún wọn pé ọwọ́ la fi ń ju bángà lọ́dún tuntun ní Èkó. Wọ́n gbá mi lórí.

"Fọwọ́ di bángà mú níbí, màá fi ọwọ́ náà se ọbẹ̀."

Òfin kò gba bángà nínú ìlú. Nítorí náà, ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje, a wa mọ́tò lọ sí oko arákùnrin kan nínú ìjọ, lápá Fulshear, níbi tí òfin ti gbà á, tí màlúù sì pọ̀ ju ènìyàn lọ. Èmi ni Màmá ní kí n pọn omi. Mo pọn ọ́n kún korobá, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tó yí oko ká.

"Àgbà nìkan ló ń ṣáná sí i," ni Màmá wí. "Èyí tí kò bá dún, ẹ má sún mọ́ ọn. A ó kọ orin márùn-ún tán, kí n tó lọ rì í sómi."

Oòrùn ń wọ̀, ìgbẹ́ màlúù ń rùn. Àwọn ará ìjọ dé láti ibi ìsìn ọpẹ́ pẹ̀lú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Bí Ìyá Ìjọ ṣe rí omi tó mọ́ nínú korobá, wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n lu agogo, wọ́n gbàdúrà sí i. Gbogbo wa ṣe àmín. Màmá náà ṣe é.

Bángà àkọ́kọ́ ló kọ̀. A kọ orin márùn-ún. Màmá fi ẹ̀mú mú un, ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ìdí korobá.

"Nọ́ọ̀sì! Omi àdúrà! Ẹ fẹ́ ju ìdọ̀tí sínú agbára?" ni Ìyá Ìjọ kígbe.

Màmá wo korobá, wọ́n wo Ìyá Ìjọ.

"Màmá, ẹ jẹ́ n sáré pọn òmíràn," ni mo wí.

"Ọmọ yìí, panu mọ́!" ni Ìyá Ìjọ jágbe mọ́ mi.

Màmá rọra gbé bángà náà sórí koríko gbígbẹ. "Á kú fúnra ẹ̀."

Ọmọbìnrin Màmá ló sáré kọjá, láìwọ bàtà, tó tẹ̀ ẹ́. Ó bú gbàmù. Omi àdúrà náà la dà sí i lẹ́sẹ̀; Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ gbé korobá.

Lọ́jọ́ kejì, ìrẹsì ń hó lórí iná, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún bàbá mi lórí fóònù: "Mo ní kó pọn omi. Kò pọn."

Kí oṣù kẹjọ tó parí, wọ́n ti dá mi padà sí Èkó. Mo kàwé náà, mo sì padà wá fúnra mi nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n kò yé mi. Ogún àgbàlagbà ló ṣe àmín sí omi tí wọ́n ní n kò pọn. Ṣé kò sí ẹni tó rántí ni? Orí mi ti funfun báyìí. Ní gbogbo oṣù keje, korobá méjì ni mò ń gbé síta: ọ̀kan fún bángà, ọ̀kan fún ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ kí Màmá nílé ọmọ wọn, ní Fulshear, níbi tí àwọn màlúù ti ń jẹko nígbà yẹn. Mo bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi ní n kò pọn omi.

"O pọn omi. Ìyá Ìjọ ni mo bẹ̀rù ju iná lọ. Ìwọ lẹni tí mi ò bẹ̀rù."