Fáànù Tí Wọ́n Dè Sódì

Ràhámọ̀tù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló ni ọkọ̀ akẹ́rù náà. Ọkọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó kú ní ọdún 1953, Ràhámọ̀tù kò sì jókòó sílé kó máa sunkún. Ó ń ra obì ní Kuta àti Ilé-Ogbó, ó ń kó o lọ fún àwọn Hausa ní Sábó n'Ìbàdàn. Àlàní ló ń wa ọkọ̀ náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń kírun kó tó ṣíná.

Ní ọdún 1956, nígbà tí ààwẹ̀ ku díẹ̀ kó wọlé, páǹpù omi ọkọ̀ bàjẹ́. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọládépò, ọ̀gá mẹkáníìkì kan n'Ìbàdàn tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì pọ̀ ju ọmọ iṣẹ́ lọ. Ó tún páǹpù ṣe. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni wàhálà ti dé. Bí wọ́n bá ti wọ Dùgbẹ̀, tí ọkọ̀ tò síwájú, tó tò sẹ́yìn, tí gbogbo wọn ń dúró kí rélùwéè kọjá, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú rédíétọ̀. Èéfín funfun á bo iwájú ọkọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fọn fèrè, wọ́n á máa bú ìyá Àlàní.

"Ó ń gbàgbé omi ni," Ọládépò wí. "Awakọ̀ yín ló ń dààmú yín, kì í ṣe ọkọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dé Ìwó, ìlú wa, kí Àlàní tó dé. Rájí, àbúrò ọkọ Ràhámọ̀tù, ní kí wọ́n lé e. Ó ní Àlàní fẹ́ ba dúkìá òkú jẹ́. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn! Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́jọ wa ọkọ̀ láìpa adìyẹ kan lójú ọ̀nà!

Ràhámọ̀tù kò lé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà pé oṣù méjì, ní Àlàmísì kan, òun fúnra rẹ̀ bu omi sí rédíétọ̀ títí ó fi kún, ó dé e, ó sì jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlàní. Láti Ìwó títí dé Ìbàdàn, ọkọ̀ ń sáré, kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n dé Dùgbẹ̀, ọkọ̀ dúró. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí omi fi hó.

"Ìyá, ṣé ẹ rí i?" Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n Àlàní.

"Mo rí i. Bó bá ti tutù, wà á lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn."

Ó ṣàlàyé fún Ọládépò pé òun fúnra òun ni òun bu omi, àti pé bí ọkọ̀ bá dúró nìkan ló máa ń gbóná. Ọkùnrin yìí kò tilẹ̀ dìde lórí àpótí tó jókòó lé. Ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ lọ ta obì yín. Tó bá di ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ ní kí ọkọ yín wá."

Ó mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ti kú. Òun náà wà níbi ìsìnkú! Ràhámọ̀tù ní kí Àlàní gbé ọkọ̀ padà sí Ìwó.

Ọkùnrin kan wà nítòsí ọjà Ìwó tó ń jẹ́ Dúró. Kẹ̀kẹ́ àti máṣínnì ìránṣọ ló ń tún ṣe, àmọ́ ọkọ̀ ológun ló ń tún ṣe ní Bọ́mà nígbà ogun Hítílà. Ràhámọ̀tù gbé ọkọ̀ lọ bá a lọ́jọ́ kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ló máa ń hó?" Dúró bi í.

"Bó bá dúró. Bó bá ń sáré, kò sí nǹkan."

"Bó bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ló ń tù ú. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù."

Ó ní kí Àlàní ṣíná. Ó ya bébà kan, ó fi í síwájú rédíétọ̀. Ó ní fáànù tó bá dára á fa bébà náà mọ́ra. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, bébà já bọ́. Ó tún fi í síbẹ̀, ó tún já bọ́.

Dúró paná ọkọ̀, ó ń fọwọ́ tọ́ fáànù wò. Ó pòṣé.

"Ta ló de èyí padà nígbà tí wọ́n tú u láti tún páǹpù ṣe? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi síwájú! Ó ń yí lóòótọ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń fà kò tó nǹkan."

Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló tú. Ó yí fáànù padà, ó dè é. Nígbà tí wọ́n tún ṣíná, bébà lẹ̀ mọ́ rédíétọ̀ pẹ́kí. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n lọ kírun Jímọ̀, wọ́n padà wá bá a. Omi kò hó.

Nọ́ọ̀tì mẹ́rin! Ohun tí wọ́n fi ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́ fún oṣù méjì nìyẹn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ràhámọ̀tù ní kí Àlàní gbé ọkọ̀ dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Ọládépò, kó má sì paná. Ọládépò sáré jáde.

"Kí lèyí? Ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò!"

"Kò ní kúrò. Ìwọ lo de fáànù sódì, o wá parọ́ mọ́ ọkùnrin yìí." Láti ọjọ́ náà ni kò ti fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ọmọ iṣẹ́ ló ṣe é, ìyá."

"Ṣé ọmọ iṣẹ́ náà ló ní kí n lọ ta obì?"

Àwọn èèyàn pé jọ. Ọkọ̀ kan kò lè wọlé, òmíràn kò lè jáde. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ fún bíi wákàtí kan, kò gbóná. Nígbà tó yá, Ọládépò lọ sí ojú fèrèsé Àlàní, ó kùn nǹkan lẹ́nu.

"N kò gbọ́," Ràhámọ̀tù wí. "Àwọn tó gbọ́ irọ́ rẹ náà kò gbọ́."

"Àlàní, má bínú! Èmi ni mo jẹ̀bi!" Ó pariwo rẹ̀ wàyí. Ìgbà náà ni wọ́n tó gbé ọkọ̀ kúrò.

Rájí ní tirẹ̀ kò tọrọ àforíjì títí ó fi kú. Àlàní wa ọkọ̀ náà fún ọdún méje sí i. Nígbà tí mo dàgbà, mo bi í bóyá inú ṣì ń bí i sí Ọládépò. Ó ní Ọládépò kọ́ ló dun òun jù.

"Ìyàwó mi náà gbà wọ́n gbọ́," ó wí. "Odindi oṣù méjì."