Bàálù Tí Wọ́n Ya Ọ̀kín Sí Lára

Oníbàárà tó wá sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Ṣómólú lónìí fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lórí.

Ọ̀gá kan láti iléeṣẹ́ bàálù ni. Ó ní àwọn ti yí orúkọ padà, àwọn sì ti kun bàálù àwọn lọ́dà tuntun. Ó fi fọ́tò ẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Wọ́n ya ẹyẹ ọ̀kín sí i láti imú dé ìrù. Ká má parọ́, ó rẹwà.

Mo ní, "Ẹ kú oríire, sà. Kí lẹ fẹ́ ká bá yín tẹ̀? Kàlẹ́ńdà ni?"

"Rárá o, pátákó ni. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ẹ má bínú, bàálù wa máa pẹ́ díẹ̀."

Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ẹ ya ọ̀kín wa sí i o. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún wákàtí, a máa fọwọ́ kọ ìyẹn. Kẹ́ ẹ fi náílọ̀nù bò ó dáadáa, ká lè máa nù ún, ká máa kọ òmíràn."

"Sà, ṣé ẹ ṣì máa máa pẹ́ náà ni?"

Ó wò mí bíi pé mo bú ìyá ẹ̀. "Màdáámù, orúkọ àti ọ̀dà la ní a yí. Ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé a yí ìwà?"

Ó wá ní ọ̀la lòun máa wá gbé e, kí n má já òun kulẹ̀ o, pé òun kórìíra kí wọ́n máa dá òun dúró!

Mo ti ń tẹ pátákó "Ẹ má bínú" tèmi, tí mo máa gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà dè é.

Ẹ̀yin èèyàn mi, wákàtí mélòó ni kí n kọ sí i?